Ilẹ̀kùn tí Àyìnkẹ́ Kò Ṣí

Olódò,
Ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú.

Bísí mi, Àbẹ̀ní,

Ìyá onílé rẹ á ti sọ fún ọ pé mo wá lánàá. Á ti sọ fún ọ pẹ̀lú pé mo jókòó sórí àpótí níwájú yàrá rẹ, mo dìde, mo tún jókòó, mo rìn lọ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò, mo padà dé, mo gbé àpò iṣu sílẹ̀, mo sì bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ń bọ̀ ní Olódò lọ. Ó bi mí pé, "Bàbá, ẹ ò ní dúró de tíṣà ni? Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ ra káádíbọ́ọ̀dù n'Íbàdàn ni, wọn ò ní pẹ́ dé." Mo ní mo gbàgbé nǹkan sílé. N kò gbàgbé nǹkan kan. Ẹ̀rù ló bà mí pé bí mo bá rí ojú rẹ, màá sọ ohun tí mo wá sọ, bẹ́ẹ̀ ohun tí mo wá sọ kò tọ̀nà mọ́.

Má bínú. Bí ìyá rẹ bá sì ránṣẹ́ sí ọ pé ara mi kò yá, má dá a lóhùn. Ara mi yá, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí tí mo ti dìde lórí àga. Ìyá rẹ tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà ní, "Bàbá Bísí, ṣé ìdun wà lára àga yẹn ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín ná.

Lẹ́tà tìrẹ dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ Ẹtì. O ní àwọn sípẹ́kítọ̀ ń bọ̀ ní ilé ìwé yín ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí, àti pé kíláàsì tìrẹ ni wọn yóò jókòó sí, níbi tí o ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní present perfect. O ní ọ̀gá yín ní kí o ṣa ogún ọmọ tí ẹnu wọn dá ṣáṣá, kí o sì ní kí àwọn mẹ́tàlá yòókù bá òbí wọn lọ sóko lọ́jọ́ náà. O ní orúkọ tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ dá ni ti Dúpẹ́, ọmọ kan tó ń kólòlò. O tún rán mi létí pé wọn kò tíì fún ọ ní ìwé tó fi ìdí iṣẹ́ rẹ múlẹ̀, ọ̀gá yìí kan náà ni yóò sì kọ ìròyìn nípa rẹ ránṣẹ́. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, o kọ ọ́ pé, "Bàbá, kí ni kí n ṣe?"

Mo gbé ìdáhùn lọ́wọ́ lánàá. Ìdáhùn náà ni pé kí o ṣe ohun tí ọ̀gá wí. Bí mo ṣe máa sọ ọ́ ti wà lẹ́nu mi láti Olódò dé Erunmu: ọjọ́ kan péré ni, Bísí, fi orí balẹ̀, gba ìwé rẹ ná. Ó dùn létí ara mi nínú ọkọ̀.

Màá sọ ohun tó yí mi lọ́kàn padà, ṣùgbọ́n n kò tíì lè sọ ọ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àwọn ohun tó yẹ kí n ti sọ fún ọ lọ́jọ́ tí o di ẹrù rẹ, tí mo dúró ti ọkọ̀ bí ẹni tí kò ní ẹnu.

Èkíní. Má jẹ́ kí àwọn ọmọ máa kọ Gẹ̀ẹ́sì náà lórin. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwé ìjọ ní abúlé kan lẹ́yìn Lálúpọn. Mo ní kẹ̀kẹ́, mo ya irun mi sí ọ̀tún, mo sì gbà pé kò sí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó mi láti ibẹ̀ dé Ejíòkú. Èmi náà kọ́ wọn ní ohun tí ò ń kọ́ wọn yìí. Mo kọ ọ́ sójú pátákó, "I have closed the window," mo ń fi ọ̀pá tọ́ka sí i, wọ́n ń pariwo rẹ̀ tẹ̀ lé mi títí àwọn tó wà nínú oko kòkó fi ń gbọ́ wa. Bàbá ọ̀kan nínú wọn ń kọjá lọ pẹ̀lú àdá léjìká. Ó dúró.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ni wọ́n ń wí?"

Mo ní, "Wọ́n ní àwọn ti pa fèrèsé dé."

Bàbá náà wo ara ògiri wa. Ihò lásán ló wà níbẹ̀, kò sí pákó, kò sí páànù. Ó ní, "Fèrèsé wo?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, inú sì bí mi dé góńgó. Mo pè é ní ará oko nínú ọkàn mi. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó wá bẹ iṣẹ́ mi wò, òun ló sì rí i dáadáa jù. Nítorí náà, jẹ́ kí ọmọ ṣe nǹkan náà ná kó tó sọ ọ́. Jẹ́ kó dìde, kó lọ ṣí ilẹ̀kùn tó wà níbẹ̀ lóòótọ́, kí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa bi í pé, "What have you done?"

Má sì dẹ́rù bà wọ́n pé nǹkan òyìnbó tó le ni. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti ilé. Bí ìyá rẹ bá ké sí mi láti ilé ìdáná pé, "Bàbá Bísí, ṣé ẹ ti jẹun?" kì í ṣe pé ó ń bi mí ní ìtàn ohun tí mo ṣe láàárọ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun gbé ìkòkò ka iná ni. Ohun tí a ti ṣe, tí ó ṣì kan ìsinsìnyí gbọ̀ngbọ̀n, òun náà ni. Bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ kí o tó mú ẹfun kọ ohunkóhun.

Èkejì. Bí o bá ṣì í, gbà pé o ṣì í. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi níbẹ̀, mo sọ níwájú kíláàsì pé, "I have marked it yesterday." Ọ̀gá wa, àgbàlagbà kan tó fi òwú so awò ojú rẹ̀ mọ́ etí, ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Ó yọjú, ó ní, "Tíṣà, you marked it yesterday." Ó rọra sọ ọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo ní, "Ẹ ṣé sà." Nígbà tó lọ tán, mo wá ẹ̀sùn sí ọmọ mẹ́fà lẹ́sẹ̀, mo sì fún wọn ní pàṣán kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó mọ ohun tí òun ṣe nínú wọn. Èmi mọ̀ ọ́n. Ìwọ, nígbà tírú ẹ̀ bá dé bá ọ, yí padà sí àwọn ọmọ, kí o ní, "Mo ṣì í sọ." Wàá rí i pé lọ́jọ́ kejì, àwọn tí kì í la ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́.

Ìyá rẹ ti gbé ẹ̀bà wá. Mo jẹ òkèlè mẹ́ta, mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó bi mí pé kí ni mo ń kọ tó gùn tó báyìí. Mo ní ìmọ̀ràn ni. Ó ní, "Ṣé ẹ ti sọ fún un kó máa jẹun kó tó jáde láàárọ̀?" Mo ní rárá. Ó ní irú ìmọ̀ràn wo wá nìyẹn. Máa jẹun láàárọ̀, Bísí. Mo ti sọ ọ́ o.

Ẹ̀kẹta nìyí, òun ni mo ti ń sá fún láti àárọ̀.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi lẹ́yìn Lálúpọn yẹn, Àyìnkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Á tó ọmọ ọdún mọ́kànlá. Bó bá ń kọrin, ohùn rẹ̀ a máa já gaara, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà á há, á máa lọ á máa bọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kó tó jáde. Kì í ṣe olódo. Ohun tó kọ sínú ìwé mọ́ ju ti gbogbo wọn lọ. Wọ́n sọ fún wa pé sípẹ́kítọ̀ ń bọ̀, mo sì fi ọ̀sẹ̀ méjì tọ́ àwọn ọmọ sọ́nà. Olúkúlùkù ní ohun tí yóò dìde ṣe. Ilẹ̀kùn ni mo fún Àyìnkẹ́. Mo pàdé ìyá rẹ̀ lọ́nà odò, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Tíṣà, ọmọ yìí á já ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi o. Á ṣí i, á pa á dé, á máa dá sọ̀rọ̀." Mo rẹ́rìn-ín, inú mi dùn.

O mọ̀ bí a ti ń ṣe é láyé ìgbà náà, mo rí i pé wọn kò tíì jáwọ́ nínú rẹ̀. A ó sọ fún àwọn ọmọ pé ẹni tó bá mọ ìdáhùn kó na ọwọ́ ọ̀tún, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kó na òsì, kí gbogbo ọwọ́ lè wà lókè, kí tíṣà sì mọ ẹni tí yóò pè. Àwọn tí a kò fọkàn tán rárá, a ó ní kí wọ́n gba oko lọ. Kò sí ẹni tó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀gá ní kí n ṣe é bí a ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n kò bá mi mú orúkọ kankan. Èmi ni mo mú wọn. Ọmọ méje ni, mo sì fi Àyìnkẹ́ kún wọn, nítorí mo rò ó wò pé bí ọ̀rọ̀ bá há a lẹ́nu níwájú sípẹ́kítọ̀, èmi ni yóò dà bí ẹni tí kò mọ iṣẹ́.

Síbẹ̀, Àyìnkẹ́ wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo dúró sídìí igi máńgòrò níwájú ilé ìwé, mò ń retí mọ́tò sípẹ́kítọ̀, mo rí i tó ń bọ̀. Wọ́n ti fọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, wọ́n ti fi sítáàṣì sí i títí ó fi le gbagidi. Irun rẹ̀ jẹ́ dídì tuntun, wọ́n ti fi epo pa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dúró níwájú mi, ó la ẹnu, ó ní, "I... I... I ha..." Ó fẹ́ fi hàn mí pé òun lè sọ ọ́ ni. Mo gbọ́ ìró mọ́tò ní ọ̀ọ́kán. N kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Mo ní, "Mo ní kí o lọ sóko. Padà." Kò lọ. Mo fi ọwọ́ ara mi dì í léjìká, mo yí i padà, mo sì tì í díẹ̀. Ó wá lọ. Kò sunkún, kò wẹ̀yìn.

Sípẹ́kítọ̀ yìn mí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ńlá wọn pé òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ ni mí. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi gbé mi lọ sí ilé ìwé ńlá nígboro, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là fún mi, ibẹ̀ ni mo sì ti pàdé ìyá rẹ. Àyìnkẹ́ kò wá lọ́jọ́ kejì. Kò wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo bi bàbá rẹ̀, ó ní, "Ó lóun ò lọ mọ́, tíṣà. Ó ń bá ìyá ẹ̀ yan gàrí." Mo ní màá wá bá a sọ̀rọ̀. N kò lọ. Kẹ̀kẹ́ wà, ọ̀nà ibẹ̀ kò jìn rárá, n kò kàn lọ ni.

Mo ti dìde lẹ́ẹ̀kan sí i, mo ti rìn yí ilé ká.

Lánàá, nígbà tí n kò lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ mọ́, mo rìn dé ìkóríta tí ọ̀nà ilé ìwé yín ti yà. Obìnrin kan ń yan gàrí lábẹ́ búkà ewé níbẹ̀. Ó wò mí, ó tún mi wò, ó dìde. Ó ní, "Tí... tíṣà! Tíṣà Lálúpọn!" N kò mọ̀ ọ́n. Ewú ti ń yọ lórí rẹ̀. Ó sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Bísí, mo fẹ́ sá. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu àpótí, ó ní kí n jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí ẹbí rẹ̀.

Ó ní Erunmu lòun fẹ́ ọkọ sí. Mo ní ọmọ mi tó jẹ́ tíṣà níbẹ̀ ni mo wá wò. Ó ní, "Ọmọ yín ló ń kọ́ Dúpẹ́ mi. Ọmọ náà fẹ́ràn wọn, tíṣà. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń ṣí ilẹ̀kùn mi, tó ń pa á dé. Mo... mo mọ ohun tó ń ṣe. Mo ní kó ṣí i dáadáa."

Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ fún mi. Èéfín gàrí bò ó lójú, igbá tó fi ń rò ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, "I... I ha... I have opened the door." Ó gba àkókò. Mo jókòó, mo dúró dè é títí ó fi parí rẹ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ojú tì mí, Bísí, débi pé mo ń wo ilẹ̀.

Mo ní, "Àyìnkẹ́, ohun tí mo ṣe fún ọ lọ́jọ́ yẹn kò dáa."

Ó ní, "Ẹ má... ẹ má dà á láàmú, tíṣà. Ó ti pẹ́." Ó ro gàrí rẹ̀ díẹ̀. Ó wá ní, "Ṣé wọ́n máa jẹ́ kí Dúpẹ́ sọ tiẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

Lẹ́tà rẹ wà lápò mi nígbà yẹn, orúkọ ọmọ náà ló sì ṣáájú nínú rẹ̀. Mo ní, "Wọ́n máa jẹ́ kó sọ ọ́."

Bí mo ṣe fi ẹnu rẹ ṣèlérí nìyẹn láì bi ọ́. Mo bẹ̀ ọ́, bá mi mú un ṣẹ. Lọ bá ọ̀gá yín lọ́la kí wọ́n tó lu agogo àárọ̀. Kúnlẹ̀ kí i dáadáa. Sọ fún un pé gbogbo ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélọ́gbọ̀n lo fẹ́ kó wà níbẹ̀, àti pé bí nǹkan bá bàjẹ́, kó gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. Bó bá pariwo, jẹ́ kó pariwo. Má jiyàn, má sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Ní ọjọ́ náà, má pe Dúpẹ́ ṣáájú gbogbo wọn, má sì fi í ṣe ẹni ìkẹyìn. Jẹ́ kó tẹ̀ lé ọmọ kẹta tàbí ẹ̀kẹrin. Bí ọ̀rọ̀ bá há a lẹ́nu, má bá a parí rẹ̀, má mi orí, má rẹ́rìn-ín ìtùnú sí i. Máa ka igi àjà nínú ọkàn rẹ títí yóò fi dé ibi tó ń lọ. Láti ọ̀la ni kí o ti kọ́ àwọn yòókù pé bí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀, dídúró là ń dúró dè é.

N kò lè sọ fún ọ pé ọ̀gá rẹ kò ní fi ìyà rẹ̀ jẹ ọ́. Ó ṣeé ṣe kó kọ ìròyìn burúkú, ó ṣeé ṣe kí ìwé rẹ pẹ́ kó tó jáde, kó má tilẹ̀ jáde. Ẹ̀rù èyí ń bà mí, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lé ọ, yàrá rẹ ṣì wà níbí. Ohun tó ń gbé mi dìde lórí àga láti àárọ̀ kò ní yàrá kankan níbòmíì. Èmi ló ń bá gbé, n kò sì fẹ́ kó wá bá ìwọ náà gbé.

Ìyá rẹ kò mọ ọ̀rọ̀ Àyìnkẹ́ rí. Mo ti sọ fún un báyìí, kí n tó lẹ lẹ́tà yìí. Ó fi ẹ̀wà sílẹ̀, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wá ní, "Ẹ fi kún un pé èmi náà ní kó jẹ́ kí ọmọ náà sọ̀rọ̀." Mo ti fi kún un. Awakọ̀ tó máa kọ́kọ́ gbéra láàárọ̀ ọ̀la ni màá fún, mo sì máa sọ fún un pé ọwọ́ rẹ gan-an ni kó fi í lé.

Ohun kan ló kù. Nígbà tí mo dìde kúrò níbi gàrí, Àyìnkẹ́ sọ fún mi pé òun kò ní lọ sọ́jà ní Ọjọ́bọ̀, ibẹ̀ lòun yóò wà. Kò sọ ìdí rẹ̀, n kò sì bi í. Láti ibi àpótí rẹ̀, ó ń rí ọ̀nà ilé ìwé yín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ọmọ kan bá ń dá bọ̀ lójú ọ̀nà yẹn ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ nínú yunifọ́ọ̀mù tó ní sítáàṣì, òun ni yóò kọ́kọ́ rí i. Jọ̀wọ́, Àbẹ̀ní mi, jẹ́ kí ọ̀nà náà ṣófo títí wọn yóò fi lu agogo ìparí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.